Gígé kọ́, wíwọ́ ni: ohun tí gẹdú ń fi sílẹ̀ nínú ilẹ̀ igbó

Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Ṣàgámù sí Ọ̀rẹ́ lóru yóò ti bá agbégilódò pàdé rí. Iná ẹ̀yìn rẹ̀ lè má ṣiṣẹ́. Gẹdú mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni wọ́n fi ṣéènì dì mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Èyí tó kéré jù nínú wọn, géńdé kan kò lè fi apá méjèèjì gbá a mọ́ra tán. Ẹrẹ̀ pupa lẹ̀ mọ́ èèpo wọn bí àtíkè tí wọn kò pa dáadáa. Ojú gbogbo ènìyàn a máa lọ sára igi. Ẹrẹ̀ pupa yẹn ni mo fẹ́ kí á sọ̀rọ̀ lé lórí.

Bí ọ̀rọ̀ igbó bá dé orí rédíò nílẹ̀ wa, iye igi ni wọ́n máa ń kà: iye tí wọ́n gé, iye tí gómìnà gbìn níwájú àwọn oníròyìn, iye hẹ́kítà tó kù. Ilẹ̀ tí igi ọ̀hún dúró lé kì í sábà wọ ìṣirò. Bẹ́ẹ̀, láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn ni ìwádìí ti ń fi hàn, ní Ìbàdàn níbí pàápàá, pé ọ̀nà tí wọ́n gbà mú igi kúrò lórí ilẹ̀ lè ba ilẹ̀ tí igbó yóò fi padà jẹ́ ju gígé tí wọ́n gé e lọ. Igi tí ìjì bá wó nínú ẹgàn, igbó kì í ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ pẹ́. Ìmọ́lẹ̀ á ráyè wọlé, àwọn ọmọ igi tó ti ń dúró lábẹ́ rẹ̀ láti ọdún pípẹ́ á sáré gòkè. Ṣùgbọ́n ìjì kì í gun katapílà wá.

Onílé tí kò gbà fún àgbàrá

Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Nínú igbó, ewé ni onílé yẹn. Òjò tó ń bọ̀ láti òkè yóò kọ́kọ́ kan orí igi ńlá, yóò kán sórí igi kéékèèké, yóò tún kán sórí ewé gbígbẹ tó tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní, kí ó tó fọwọ́ kan iyẹ̀pẹ̀. Nígbà tó bá fi máa débẹ̀, agbára ti tán lára rẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ ọ̀hún fúnra rẹ̀ rọ̀ bí fóòmù, nítorí pé ekòló àti ikán ti lu ú ní ihò káàkiri. Àwọn tó wọn ìgbẹ́ ekòló ní Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1960 rí i pé èyí tí ekòló ń tu sójú ilẹ̀ lè ju 100 tọ́ọ̀nù lọ lórí hẹ́kítà kan láàárín ọdún kan. Kò sí tirakítọ̀ tó ń báni ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun tó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu ni pé ilẹ̀ abẹ́ igbó kìjikìji kì í sábà lọ́ràá tó bí igbó náà ṣe rí lójú. Òkúta tó bí ilẹ̀ wa ti gbó, òjò ti fọ̀ ọ́ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, ọ̀pọ̀ ohun tó yẹ kó jẹ́ oúnjẹ igi ti ṣàn lọ tipẹ́. Èyí tó kù, ara igi fúnra rẹ̀ ló wà, àti nínú ìwọ̀nba ilẹ̀ dúdú tó wà lókè téńté. Ewé á já, olú àti kòkòrò á jẹ ẹ́, gbòǹgbò tó ti ń dúró dè é sójú ilẹ̀ á gbà á padà kí òjò tó rí i gbé. Owó kan náà ló ń yí po nínú òwò náà. Bí o bá gé igi kan, o yọ díẹ̀ nínú owó. Bí o bá fá ilẹ̀ dúdú òkè dànù, o ti gbé àpótí owó lọ.

Nígbà tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ méjì, Smyth àti Montgomery, ṣe ìwé lórí ilẹ̀ àárín gbùngbùn ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, èyí tó jáde ní 1962, orúkọ ìlú wa ni wọ́n fi sọ àwọn ilẹ̀ tí wọ́n rí: ilẹ̀ Ẹgbẹ́dá, ilẹ̀ Ìwó, ilẹ̀ Àpòmù, ilẹ̀ Oǹdó. Orúkọ yẹn ni àwọn onímọ̀ ṣì ń pè wọ́n títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò rò pé ọ̀pọ̀ ọmọ Ẹgbẹ́dá gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Lábẹ́ púpọ̀ nínú wọn, irú bíi ti Ẹgbẹ́dá àti Ìwó, òkúta wẹ́wẹ́ wà nísàlẹ̀ tí kò jìn. Ilẹ̀ dúdú lókè, òkúta wẹ́wẹ́ lábẹ́ rẹ̀, amọ̀ pupa lábẹ́ ìyẹn. Ẹrẹ̀ pupa tó lẹ̀ mọ́ gẹdú lẹ́yìn agbégilódò, ìsàlẹ̀ ló ti wá. Bó bá ti lè dé ara èèpo igi, a jẹ́ pé katapílà ti fá ilẹ̀ dúdú kọjá.

Ìdánwò tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn

Ní 1967 ni wọ́n dá IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, sílẹ̀ ní Ìbàdàn, lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́. Lára àwọn onímọ̀ ilẹ̀ tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni Rattan Lal, ọmọ Íńdíà, ẹni tó gba ẹ̀bùn World Food Prize ní 2020. Nígbà yẹn, ìjọba kò rí ohun tó dà bíi katapílà. Owó epo rọ̀bì ti dé, gbogbo wọn fẹ́ ṣí oko ńláńlá, igbó sì ni ìdènà. Lal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá béèrè ìbéèrè kan tí kò le rárá: ṣé ọ̀nà tí a gbà ṣán igbó ní ohun tó ń ṣe sí ilẹ̀?

Wọ́n pín igbó kan sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àdá ni wọ́n fi ṣán apá kan, wọ́n fi kùkùté sílẹ̀. Ní apá kejì, katapílà tó ní abẹ níwájú gé igi ní ìbámu pẹ̀lú ilẹ̀, gbòǹgbò ṣẹ́kù. Ní apá kẹta, katapílà ta igi lulẹ̀ tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ó sì fi ìyàrí irin ha gbòǹgbò tó kù jáde. Wọ́n wá dúró de òjò.

Níbi tí wọ́n ti lo àdá, tí wọn kò sì túlẹ̀ lẹ́yìn náà, ilẹ̀ tí àgbàrá kó lọ kò tó ìdajì tọ́ọ̀nù lórí hẹ́kítà. Níbi tí katapílà ti gé igi láì tú gbòǹgbò, ó tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù mẹ́rin. Níbi tí ó ti tú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, tí tirakítọ̀ sì tún wá túlẹ̀ lé e, nǹkan bí 20 tọ́ọ̀nù ló ṣàn lọ. Ilẹ̀ kan náà ni, òjò kan náà ló sì rọ̀.

Ìdánwò oko nìyẹn o, kì í ṣe ti gẹdú. Àwọn onígẹdú kì í ṣán gbogbo igbó. Wọ́n á ṣa èyí tó tó gé, wọ́n á fi ìyókù sílẹ̀. Ṣùgbọ́n katapílà tó ń la ọ̀nà lọ bá igi, tó ń wọ́ ọ dé ibi tí wọ́n ń kó gẹdú jọ sí, ohun kan náà ló ń ṣe lójú ọ̀nà rẹ̀. Ó ń fá òkè ilẹ̀, ó sì ń tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ pa. Ihò tí afẹ́fẹ́ àti omi ń gbà á pa dé. Gẹdú tó ń fi imú túlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ á gbẹ́ kòtò, kòtò á di odò nígbà òjò. Oòrùn tí kò dé ilẹ̀ yẹn rí á wá bọ́ sórí rẹ̀ gan-an. Ilẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ báyìí lè gbóná ju ìwọ̀n 40 Celsius lọ lọ́sàn-án, nígbà tí èyí tó wà lábẹ́ igi ṣì tutù.

A máa ń sọ níbi ìjúbà pé bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ a lanu. Lójú ọ̀nà katapílà, ekòló á júbà títí, ilẹ̀ kò ní gbọ́.

Ohun mìíràn tún wà nínú ọgbà IITA yẹn tí mo fẹ́ràn láti máa fi wé ìdánwò Lal. Kí ìjọba tó gba ilẹ̀ náà ní àwọn ọdún 1960, oko àwọn ará abúlé ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Àdá àti ọkọ́ ni wọ́n fi ń dá a. Nígbà tí wọ́n kúrò, IITA fi nǹkan bí 350 hẹ́kítà sílẹ̀ láì dá oko sí i. Lónìí, igbó ni. Igi ga níbẹ̀, ìtàkùn so káàkiri, ẹyẹ kékeré kan tí kò sí níbòmíràn láyé àfi ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà, tí orúkọ Ìbàdàn wà nínú orúkọ tí àwọn onímọ̀ sọ ọ́, ń gbé ibẹ̀. Púpọ̀ nínú igbó yẹn, ẹnikẹ́ni kò gbìn ín. Kùkùté tó wà lóko hù padà, ẹyẹ gbé èso wá, ilẹ̀ tó ń gbà wọ́n sì ṣì lanu. Nínú ọgbà kan náà ni ilẹ̀ ti ń ṣàn lọ tọ́ọ̀nù-tọ́ọ̀nù, tí igbó sì ti ń padà fúnra rẹ̀ níbòmíràn. Ìtàn tí katapílà wà nínú rẹ̀ kò jọ èyí tí kò sí nínú rẹ̀.

Àwọn ará Sabah ti wọ̀n ọ́n

Ọ̀kan lára ibi tí wọ́n ti tẹ̀lé ilẹ̀ lẹ́yìn gẹdú fún ìgbà pípẹ́ ni Sabah, ìpínlẹ̀ Malaysia tó wà ní erékùṣù Borneo. Igi ibẹ̀ ga, ó sì pọ̀, gẹdú tí wọ́n ń kó lórí hẹ́kítà kan níbẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1970 sí 1990 pọ̀ ju èyí tí a mọ̀ ní Áfíríkà lọ dáadáa. Nígbà tí àwọn olùwádìí padà sí ojú ọ̀nà katapílà tí wọ́n ti pa tì fún ọdún méjìdínlógún, igi tó wà lórí rẹ̀ ṣì kéré sí ti igbó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Níbi tí katapílà bá ti fi ilẹ̀ dúdú sílẹ̀ ní tirẹ̀, ara igbó yá díẹ̀. Níbi tó ti fá a, bí ẹni tí kò rí oúnjẹ jẹ ni àwọn igi ń dàgbà.

Kí èyí tó yé wa dáadáa, a ní láti ṣọ́ra fún ìròyìn kan tó tàn káàkiri ní ìparí 2021. Lourens Poorter àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àbọ̀ ìwádìí jọ láti ibi 77 ní ilẹ̀ olóoru ti Amẹ́ríkà àti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, níbi tí igbó ti ń padà lórí oko tí wọ́n fi sílẹ̀. Wọ́n ní ilẹ̀ ló ń yára bọ̀ sípò jù, láàárín ọdún mẹ́wàá. Pé ìrísí igbó yóò gba nǹkan bí ọdún 25 sí 60. Pé àkópọ̀ irú igi tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ àti ìwúwo gbogbo wọn yóò gbà ju ọdún 120 lọ. Àwọn kan gbọ́ ìdajì rẹ̀, wọ́n ní ilẹ̀ kì í ṣe ìṣòro nígbà náà. Rárá o. Ilẹ̀ tí wọn kò lò ní ìlò líle kí wọ́n tó fi sílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ibẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n wọ̀n níbẹ̀ ṣì ní ihò afẹ́fẹ́ nínú. Kò sí ẹni tó fi ìwádìí yẹn sọ pé ojú ọ̀nà katapílà yóò lanu láàárín ọdún mẹ́wàá. Ìròyìn ayọ̀ fún àgbẹ̀ tó fi oko sílẹ̀ ni. Onígẹdú kò gbọdọ̀ fi ṣe àwáwí.

Ìwádìí mìíràn tí Maria Mills àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2023, láti Sabah kan náà, fi hàn pé igbó tí wọ́n ti gé gẹdú nínú rẹ̀ ń tú kábọ́ọ̀nù, èròjà tó ń mú ayé gbóná bó bá wà nínú afẹ́fẹ́, sáfẹ́fẹ́ ju èyí tó ń fà mu lọ, fún ọdún mẹ́wàá ó kéré tán. Tẹ́lẹ̀, ohun tí wọ́n rò ni pé nítorí pé àwọn ọmọ igi ń sáré dàgbà, ó yẹ kí irú igbó bẹ́ẹ̀ máa fa kábọ́ọ̀nù mu. Ohun tó ń bẹ lókè ni wọ́n ń wò. Abẹ́ ilẹ̀, àti igi òkú tó ń jẹrà, ni ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń ta igbó fún àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè báyìí lórúkọ kábọ́ọ̀nù yẹ kó ka èyí dáadáa.

Akíntọ́lá nínú igbó

Nílẹ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ náà ní àwọ̀ tirẹ̀. Lọ wo ibi tí gẹdú ti kúrò, ohun tó máa kọ́kọ́ kí ọ ni ewé kan tó ga tó ènìyàn, tó ń rùn díẹ̀ bí o bá fọwọ́ ra á, òdòdó rẹ̀ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Àwọn kan ń pè é ní ewé Akíntọ́lá, àwọn mìíràn ń pè é ní ewé Awólọ́wọ̀. Ó sinmi lórí ẹni tí bàbá wọn dìbò fún. Amẹ́ríkà Gúúsù àti àárín Amẹ́ríkà ló ti wá. Àwọn onímọ̀ gbà pé ó wọ Nàìjíríà pẹ̀lú èso igi gmelina tí wọ́n kó wá láti Ceylon, tí à ń pè ní Sri Lanka báyìí, ní nǹkan bí 1937. Igi tí wọ́n mú wá láti fi tún igbó ṣe ló gbé koríko tó ń dí igbó lọ́nà wọlé.

N kò fẹ́ bú ewé yìí ju bó ti yẹ lọ. Àgbẹ̀ mọ̀ pé ilẹ̀ tí Akíntọ́lá bá bò á máa dára fún àgbàdo lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ewé rẹ̀ ń jẹrà kíákíá, ó sì ń bo ilẹ̀ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ó ń gbẹ bí ìṣáná. Iná tó bá ti inú oko jáde, lórí rẹ̀ ló ń gùn wọ igbó. Ilẹ̀ dúdú tó kù lẹ́yìn katapílà, iná á wá jó o. Igbó tó ti jó lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn gẹdú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti di ọ̀tọ̀.

Gmelina fúnra rẹ̀, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní mẹláínà, ló gba apá púpọ̀ nínú igbó ọba Omo ní ẹ̀bá Ìjẹ̀bú láti àwọn ọdún 1960. 1925 ni ìjọba amúnisìn kéde igbó yìí. Ó fẹ̀ tó nǹkan bí 130,000 hẹ́kítà. Ní 1946, wọ́n yọ 460 hẹ́kítà sọ́tọ̀ láàárín rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé nǹkan kan níbẹ̀. Ní 1977, UNESCO fi í sínú àwọn igbó tó ní ìtumọ̀ fún gbogbo ayé. Láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì, wọ́n ṣán igbó kìjikìji, wọ́n fi mẹláínà dípò rẹ̀, torí ilé-iṣẹ́ bébà tí wọ́n fẹ́ dá sílẹ̀ ní Ìwópìn. Mẹláínà ń yára ga, ó sì ń bo ilẹ̀ mọ́lẹ̀ ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n igi tó ń yára dàgbà, kíákíá náà ló ń kó oúnjẹ ilẹ̀ jọ sára. Bí wọ́n bá gé e lọ lódindi, tí wọ́n tún gbin òmíràn, tí wọ́n tún gé e, ilẹ̀ tí kò fi bẹ́ẹ̀ lọ́ràá tẹ́lẹ̀ á ṣá. Láti ojú ọ̀run, àwọ̀ ewé ni gbogbo rẹ̀.

Àwọn tí wọ́n fi májèlé pa igi

Ó yẹ kí á rántí pé èyí kọ́ ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ọlọ́gbọ́n máa wá tún igbó wa ṣe. Ní 1944, àwọn fọ́rẹ́sítà amúnisìn bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Nàìjíríà. Kí wọ́n tó jẹ́ kí àwọn onígẹdú wọlé, wọ́n á kọ́kọ́ gé ìtàkùn, wọ́n á sì fi májèlé pa àwọn igi tí wọ́n kà sí aláìníláárí, kí ìmọ́lẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ọ̀gánwó àti ìrókò nísàlẹ̀. Lórí ìwé, ó dára. Nínú igbó, ìmọ́lẹ̀ tó wọlé náà ni ìtàkùn ń dúró dè. Ó hù bo àwọn ọmọ igi mọ́lẹ̀. Àwọn igi tí wọ́n sì ti fi májèlé pa torí pé wọn kò lówó lórí, lẹ́yìn ogún ọdún, àwọn oníṣòwò pákó bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn kiri. Nǹkan bí 200,000 hẹ́kítà ni wọ́n ti ṣe báyìí kí wọ́n tó jáwọ́ ní àwọn ọdún 1960. Láti ìgbà náà, bí mo bá gbọ́ pé ẹnì kan mọ igi tó wúlò àti èyí tí kò wúlò, mo máa ń dákẹ́ kí n kọ́kọ́ gbọ́ ọ tán.

Ìrókò jẹ́ àpẹẹrẹ tó dára. Gbogbo ènìyàn fẹ́ kí á gbìn ín. Bí a bá kó o gbìn papọ̀ sí ojú kan, kòkòrò kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Phytolyma á bá a lórí ewé, á sọ orí rẹ̀ di kókó, ọmọ ìrókò á ràn títí kò ní lè ga. Ibi tó ti ń dàgbà dáadáa ni ibi tó ti dá dúró láàárín àwọn igi mìíràn. Ta ló ń gbìn ín síbẹ̀? Àdán. Ó ń jẹ èso rẹ̀, ó ń yàgbẹ́ èso náà sí ọ̀nà jíjìn. Àwọn igi mìíràn tí èso wọn tóbi, erin ló ń gbé wọn. Erin díẹ̀ tó ṣẹ́kù ní agbègbè J4 nínú igbó Omo ṣì ń ṣe iṣẹ́ yìí, láì gba owó oṣù. Èso ọ̀pọ̀ igi gẹdú ńlá kì í sì pẹ́ nínú ilẹ̀ kó tó kú. Bí ìyá igi bá ti lọ, tí ẹran tó ń gbé èso bá ti lọ, ilẹ̀ tó dára pàápàá kò ní ohun tí yóò hù.

Ọ̀nà tó kù lẹ́yìn

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí gbóná ní báyìí ni ọ̀nà. Ọ̀nà tí wọ́n là fún agbégilódò kì í pa dé lẹ́yìn tó bá ti lọ. Àgbẹ̀ kòkó á gba ibẹ̀ wọlé, á fi iná sí ohun tó kù, á gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀, á gbin kòkó sábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń wọ igbó Omo àti igbó Oluwa ní ìpínlẹ̀ Oǹdó nìyẹn. Ẹni tí kò rí ilẹ̀ dá nílé rẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn, láti ibi jíjìn; n kò lè pè wọ́n lólè kí n sì máa pe ẹni tó la ọ̀nà ní oníṣòwò.

Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin kan ní 2023: kòkó, igi, rọ́bà, epo ọ̀pẹ àti àwọn nǹkan mìíràn tó bá ti orí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020 wá, kò gbọdọ̀ wọ ọjà wọn. Wọ́n ti sún ọjọ́ tí òfin náà yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ra kòkó ti ń béèrè ibi tí oko wà gan-an. Sátẹ́láìtì ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Sátẹ́láìtì ń rí ewé. Oko kòkó tó ní igi ńlá lórí, tí ilẹ̀ rẹ̀ ṣì rọ̀, lè jọ igbó tó bàjẹ́ lójú rẹ̀. Igbó tí katapílà ti tẹ̀ pa, tí Akíntọ́lá bò mọ́lẹ̀, á sì máa dán bí ohun tó sàn.

Kí ni a lè ṣe? Àwọn tó ń gé gẹdú pẹ̀lú ìṣọ́ra, ní Sabah àti ní àárín gbùngbùn Áfíríkà, ti mọ èyí tó pọ̀ níbẹ̀. Kí wọ́n ya ọ̀nà katapílà sórí ìwé kí ayùn tó dún, kí ó má ṣe pé dírẹ́bà kàn ń wá igi kiri nínú igbó bí ẹni ń wá ewúrẹ́ tó sọnù. Kí wọ́n má wọ́ gẹdú nígbà òjò, nígbà tí ilẹ̀ rọ̀ tó sì rọrùn láti tẹ̀ pa. Kí wọ́n yẹra fún etí odò. Kí wọ́n kó ẹ̀ka àti ewé tí wọ́n gé sórí ọ̀nà náà bí wọ́n bá ti parí, kí òjò tún rí onílé bá pàdé. Ibi tí ilẹ̀ bá ti le pọ̀, kí wọ́n fi irin tú u ní ẹ̀ẹ̀kan, kí wọ́n sì dí ẹnu ọ̀nà. Kí wọ́n fi ìyá igi sílẹ̀ láàárín.

Gbígbìn náà ń ṣiṣẹ́, mi ò bá a jà. Ní Sabah, níbi tí wọ́n ti gbin igi sáàárín igbó tí wọ́n ti gé gẹdú rẹ̀, tí wọ́n sì ń gé ìtàkùn kúrò lórí àwọn ọmọ igi, kábọ́ọ̀nù tó ń padà sórí igi yára ju ibi tí wọ́n kàn fi sílẹ̀ lọ: nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 4.4 lórí hẹ́kítà lọ́dún, nígbà tí ibi tí wọ́n fi sílẹ̀ jẹ́ 2.9. Ìwádìí tí Christopher Philipson darí ni, ó jáde ní 2020. Ṣùgbọ́n ọdún púpọ̀ ni wọ́n fi padà síbẹ̀ lemọ́lemọ́, owó rẹ̀ sì pọ̀. Kò jọ gómìnà tó gbin igi kan níwájú kámẹ́rà, tí ẹnikẹ́ni kò padà lọ bomi rin ín.

Bí wọ́n bá tún pè ọ́ síbi irú àjọ̀dún bẹ́ẹ̀, mú agolo mílíìkì kan tó ti tán lọ. Gé ìdí rẹ̀ kúrò kí ó lu jáde lókè àti nísàlẹ̀. Fi pákó lu ú wọ ilẹ̀ díẹ̀ níbi tí wọ́n fẹ́ gbin igi sí, bu omi kún un, kí o máa kà. Kí o tún ṣe bẹ́ẹ̀ lábẹ́ igi ńlá kan tó wà nítòsí, bí èyí bá kù. Lábẹ́ igi, o lè má tíì kà á jìnnà tí omi yóò fi rì tán. Lójú ọ̀nà katapílà, o lè jókòó, jẹ bọ́ọ̀lì rẹ tán, kí o bá omi náà níbẹ̀ tó ṣì ń wò ọ́.